Ọjọ́ Tí Mo Lọ sí Ìlú Aago Yín

Bàbá mi, olówó orí ìyá mi,

Mo kí yín níbi tí ẹ wà. Kí Ọlọ́run tẹ́ ibẹ̀ dáadáa fún yín, kó má jẹ́ kí ilẹ̀ ni yín lára.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí a ti sin yín, ẹnu ni mo sì fi ń bá yín sọ̀rọ̀ látìgbà náà, bí mo bá ń fọ abọ́, tàbí bí mo bá dúró sẹ́bàá títì ní Marcory, ní Abidjan níbí, tí gbaka, ọkọ̀ akérò wa, ò tètè dé. Mi ò kọ nǹkan kan sí yín rí. Àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lóṣù tó kọjá kọjá ohun tí ènìyàn ń fi abọ́ lọ́wọ́ sọ. Òjò ń rọ̀ níta, ilé-ìwé ti gba ìsinmi, kò sí ẹni tó ń pè mí. Mo ní kí n jókòó kọ ọ́.

Kí n tó débẹ̀, ẹ gbọ́ ìròyìn ayọ̀. Rukayat, àkọ́bí mi, ẹni tí ẹ máa ń gbé sórí itan bí ẹ bá ń tú aago, ti bímọ ní ilẹ̀ Faransé níbi tó ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Obìnrin ni ọmọ náà. Ó pupa, ó sì lágídí. Tó bá ń sunkún, ẹ ó rò pé wọ́n jà á lólè ni. Etí yín ló gbé wá sáyé, bó ṣe fẹ̀ tó yẹn náà. Mo lọ bá wọn wẹ ọmọ fún oṣù kan àbọ̀ ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Colmar. Bàbá, òtútù ibẹ̀! Ìbọ̀sẹ̀ méjì ni mo ń wọ̀ léra, mo tún ń fi ìborùn di ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni tí eyín ń dùn.

Ọmọ Bouaké ni ọkọ Rukayat, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Lọ́jọ́ Sátidé kan tí kò níṣẹ́, ó ní, “Màmá, láti ọjọ́ tí ẹ ti dé, inú ilé náà lẹ wà. Ẹ jáde lónìí, a ó máa wo ọmọ.” Rukayat bi mí pé níbo ni mo fẹ́ lọ.

“Strasbourg,” ni mo wí, kó tó pa ẹnu dé.

Ó ní kí ọkọ òun sìn mí. Mo ní rárá o. Èmi tí mo ti ń já wọ gbaka láti kékeré, kí ni rélùwéè fẹ́ fi mí ṣe? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọn ò mọ̀ pé káàdì yín wà nínú àpò mi, pé láti Abidjan ni mo ti tọ́jú rẹ̀ sáàrin aṣọ mi bọ̀, àti pé mi ò tíì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láyé.

Káàdì tó ní àwòrán aago ńlá inú ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń wí, èyí tí ẹ fi ìṣó kàn mọ́ ògiri lókè tábìlì yín, níwájú ṣọ́ọ̀bù aláṣọ. Mo ṣì ń rí tábìlì yẹn. Gíláàsì dúdú kékeré tí ẹ máa ń há sójú ọ̀tún. Agolo tòmátì tí ẹ ń kó súkúrù wínníwínní sí. Aṣọ funfun tí ẹ máa ń tẹ́ kí nǹkan má baà bọ́ sọnù. Bí ẹ bá ń fi ẹ̀mú gbé nǹkan sínú aago, ẹ kì í mí. Ẹ ó fa èémí sínú, ẹ ó dá a dúró, tó bá ti jókòó tán, ẹ ó fẹ́ atẹ́gùn jáde ní imú bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Bí mo bá ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ báyìí, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ń ṣe. Mi ò mọ ìgbà tí mo kọ́ ọ.

Mùsíọ̀ Emile ló fi káàdì náà ránṣẹ́. Tíṣà òyìnbó ni, àdúgbò Biétry ní Abidjan níbí ló ń gbé nígbà náà. Aago ọwọ́ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ kú ló gbé wá fún yín, lẹ́yìn tí àwọn mìíràn ti ní kò lè rìn mọ́. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ fi wà lórí aago yẹn. Lọ́jọ́ karùn-ún ó rìn. Mùsíọ̀ Emile gbé e sétí, ojú rẹ̀ pọ́n. Kò pẹ́ lẹ́yìn tó padà sí Strasbourg nílẹ̀ wọn ni káàdì dé.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Ẹ̀yin ò mọ Faransé kà, kéwú nìkan lẹ kà ní Ìgbòho, èmi ni ẹ sì fi ń yangàn. Ẹ pe aláṣọ, ẹ pe bàbá tó ń ta bàtà, ẹ pe àwọn oníbàárà méjì tó jókòó de aago wọn. Ẹ ní, “Ẹ wá gbọ́ Faransé lẹ́nu ọmọ mi.” Mo yí káàdì náà padà. Bàbá, ìkọ̀wé àgbà ni, ó lọ́ mọ́ra bí òwú tí ológbò fi ṣeré. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni mo rí kà níbẹ̀: bonjour, Abidjan, àti horloge, ìyẹn aago. Gbogbo ojú wà lára mi. Ó yẹ kí n sọ pé mi ò lè kà á. Ṣùgbọ́n mo la ẹnu, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í “kà”. Mo ní ìwé náà sọ pé aago yìí ló tóbi jù láyé. Mo ní gbogbo ẹni tó bá tún un ṣe, inú rẹ̀ ni wọ́n ń kọ orúkọ onítọ̀hún sí, kó má baà parun láéláé. Mi ò mọ ibi tí mo ti rí i.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ kò pàtẹ́wọ́. Ẹ gba káàdì náà lọ́wọ́ mi, ẹ sì wò ó pẹ́.

Lọ́jọ́ kejì ẹ ní kí n wá kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ yín, Sálámì, ní ìwé òyìnbó. Ẹ̀yìn páálí ṣúgà la fi kọ́ ọ. S yẹn ló kọ́kọ́ dà yín láàmú, ẹ máa ń kọ ọ́ kó kọ ẹ̀yìn sí wa, èmi ọmọdé á sì gbá yín lọ́wọ́ díẹ̀ bí tíṣà ṣe ń gbá wa. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá kó tó tọ́. Láti ìgbà náà, kò sí aago tí ẹ tú tí ẹ kò fi orí abẹ́rẹ́ ha orúkọ yín sínú ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó dé e. Títí ojú yín fi di bàìbàì, ẹ ń ha á.

Káàdì mẹ́ta mìíràn dé lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn yẹn rọrùn. Lẹ́tà gàdàgbà ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró lọ́tọ̀ bíi ti ìwé àwa ọmọ iléèwé. Mo kà wọ́n fún yín láìfo ọ̀rọ̀ kan. Ẹ kú ọdún, yìnyín ń bọ́, aago ń rìn. Lẹ́yìn náà káàdì ò wá mọ́.

Ìgbà tí mo di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mo tó mú káàdì àkọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ láti nu eruku rẹ̀, ni mo bá rí i pé mo ti lè kà á. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: Sálámì, ẹ ṣeun. Aago bàbá mi ń rìn. Èyí ni aago ìlú tiwa. Bí ẹ bá lè wá lọ́jọ́ kan, ilé mi ni ilé yín, a ó jọ lọ wò ó ní midi et demi, ìyẹn aago méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán, nígbà tí àkùkọ orí rẹ̀ ń kọ. Ẹ fèsì, mò ń retí yín. Lábẹ́ rẹ̀ ló kọ àdírẹ́sì ilé rẹ̀ sí.

Ó parí. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú aago. Ènìyàn kan ní kí bàbá mi wá ṣe àlejò lọ́dọ̀ òun, ó ní òun ń retí èsì, èmi ni mo sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Kí ló dé tí mi ò sọ fún yín? Lákọ̀ọ́kọ́, ìtìjú ni. Lẹ́yìn náà ó ti pẹ́ jù, ẹ ti ròyìn aago yẹn fún gbogbo Marcory. Lẹ́yìn náà ẹ kú. Ẹ wá wò ó, iṣẹ́ tí mo yàn láyé ni kíkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìwé kíkà. Bí ọmọ kan bá dúró síwájú, tó ń fi ẹnu hun ohun tí kò sí nínú ìwé, àwọn olùkọ́ yòókù á ní kí n bá a wí. Mi ò lè ṣe é. Mo máa ń yí ojú sí fèrèsé ni.

Nítorí náà ni mo ṣe wọ rélùwéè láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn. Ọgbà àjàrà ló kún ọ̀nà, ìlà ìlà bí orí tí wọ́n di ní kòlẹ́sẹ̀. Kò tó wákàtí kan tí a fi dé. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan, èyí tí ènìyàn lè fi wọ ọkọ̀ ìlú náà títí ilẹ̀ ó fi ṣú. Tíráàmù ni wọ́n ń pe ọkọ̀ náà, bíi rélùwéè kékeré tó ń rìn láàrin ìgboro, tí kò pariwo, tí kò sí ẹni tó rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ tó ń pe èrò. Bí mo ṣe jókòó ni mo rántí àwọn ọjọ́ Sunday wa, tí ẹ máa ń mú mi wọ bàtò ní Treichville, kí a la ọ̀sà kọjá sí Plateau láìní nǹkan kan tí a fẹ́ ṣe níbẹ̀. Ẹ ó kí ẹni tó jókòó tì yín ní èdè Dioula, ẹ ó béèrè ọ̀nà tí ẹ ti mọ̀. Tí mo bá ní kí ló dé, ẹ ó ní, “Abéèrè kì í ṣìnà.” Ojú máa ń tì mí nígbà náà. Mo ń fẹ́ kí bàbá mi dà bí ẹni tó mọ ìlú.

Mo rí aago yín, Bàbá. Òkúta pupa ni wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà, pupa rúsúrúsú bí ilẹ̀ Ìgbòho, ó ga débi pé mo fọwọ́ di ìborùn mi mú kí n tó lè wo orí rẹ̀. Mo ní bísímílà, mo wọlé. Èrò pọ̀ bí omi, gbogbo wa gbójú sókè. Nígbà tó di midi et demi, agogo dún, àwọn ère kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, wọ́n ń kọjá níwájú ọ̀gá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tẹrí ba fún un. Ni àkùkọ orí rẹ̀ bá na ìyẹ́, ó kọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ohùn rẹ̀ ti ha díẹ̀, bí ti àkùkọ àgbà. Àwọn èèyàn ń fi fóònù ya fọ́tò. Èmi ò ya nǹkan kan. Mo kàn rí i pé mi ò mí.

Nígbà tí èrò tú ká, mo lọ bá ọkùnrin kan tó ń ṣọ́ ibẹ̀. Mo bi í pé ṣé orúkọ àwọn tó ń tún aago náà ṣe wà nínú rẹ̀. Ó wò mí títí. “Màmá,” ló wí, “mi ò wọ inú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bi mí rí.” Mo dúpẹ́, mo jáde.

Ó wá ku ibi tí ẹ̀rù ń bà mí láti lọ. Mo wọ tíráàmù tó ń lọ sí àdúgbò Mùsíọ̀ Emile. Mo mú káàdì dání, mo ń to ohun tí màá sọ, bí ẹni kan bá ṣílẹ̀kùn, bí kò bá sí ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ́, bí wọ́n bá ní kí ni mo wá wá. Ibẹ̀ ni mo wà tí a fi kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀kalẹ̀, tí a sì gun orí afárá kan. Odò ńlá ló wà nísàlẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ń kọjá. Èdè tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn mi yí padà. Nígbà tí tíráàmù dúró, àkọlé ibẹ̀ kì í ṣe Faransé mọ́.

Obìnrin kan tó lo híjáàbù jókòó ní iwájú mi. Mo ní, “Àlàáfíà fún yín, arábìnrin. Níbo nìyí?”

Ó dáhùn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Màmá, ẹ ti dé Jámánì.”

Bàbá, Jámánì! Páásípọ́ọ̀tù mi wà ní Colmar, nínú dúrọ́ọ̀ Rukayat. Ojú ẹsẹ̀ ni mo padà di ọmọ ọdún mẹ́wàá, tí a ń lọ sí Ìgbòho fún òkú Ìyá Àgbà, ní ẹnubodè tí wọ́n ti ní kí ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú oòrùn nítorí òǹtẹ̀ kan tó kù lórí ìwé yín. Ẹ jókòó. Ẹ fi fìlà yín ṣíji bò mí. Ẹ sì ń dá àwọn èrò yòókù lẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jẹ́ kí a kọjá. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé èmi lẹ ń dá lẹ́rìn-ín.

Mo ṣàlàyé fún obìnrin náà pé mi ò ní ìwé lọ́wọ́. Ó ní kò séwu, òun náà ń kọjá lójoojúmọ́, ẹnikẹ́ni ò bi òun ní nǹkan kan. Ó sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú mi, ó mú mi lọ sí òdìkejì, ó dúró títí ọkọ̀ fi dé, ó sì bá mi ka iye ibi tí ọkọ̀ máa dúró kí n tó bọ́ọ́lẹ̀. Ohun tó yẹ kí n ti béèrè láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Bí a ṣe tún gun afárá yẹn padà, mo ń wo omi, mo ń rò ó pé ọ̀nà tó gba bàbá mi lọ́jọ́ mẹ́ta àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀bẹ̀ láti sin ìyá rẹ̀, ẹnubodè mélòó ló wà níbẹ̀? Ẹ ò sọ ọ́ bí ìyà rí.

Ilé náà ní ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé. Orúkọ Mùsíọ̀ Emile ṣì wà lára agogo ẹnu ọ̀nà. Mo tẹ̀ ẹ́. Ìyá arúgbó kan ló ṣílẹ̀kùn, ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀, irun rẹ̀ funfun báláú.

Mo kí i. Mo ní, “Abidjan ni mo ti wá. Bàbá mi máa ń tún aago ṣe, ó…”

Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. “Salamí?” ló wí, ó gbé ohùn sókè níbi tí kò yẹ. “Ọmọ Salamí ni ẹ́?”

Ó pe orúkọ yín, Bàbá. Ní ìloro ilé kan tí ẹ kò dé rí, ẹni tí ẹ kò rí rí pe orúkọ yín.

Àbúrò Mùsíọ̀ Emile ni, Mádáàmù Odile ni wọ́n ń pè é. Mùsíọ̀ Emile fúnra rẹ̀ ti kú tipẹ́, ó ti ṣáájú yín lọ. Ìyá náà mú mi jókòó ní kíṣìnì, ó po kọfí, ó gé àkàrà òyìnbó kan tó ní ihò láàrin fún mi. Ó ní aago yẹn ò kúrò lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n òun títí tó fi kú, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló ń lò ó báyìí, ó sì ń rìn. Ó ní kò sí àlejò tó dé ilé yẹn tí kò gbọ́ nípa Salamí ti Abidjan. Mò ń gbọ́, omi ń dà lójú mi. Mo rí i pé bí mi ò bá sọ ọ́ níbẹ̀, mi ò ní sọ ọ́ mọ́.

Mo gbé káàdì sórí tábìlì. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Pé èmi ni mo kà á, pé irọ́ ni mo pa, pé bàbá mi ò gbọ́ rí pé wọ́n ní kí òun wá. Mo ní kó dárí jì mí nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó retí èsì títí.

Mádáàmù Odile gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. “Ṣùgbọ́n ó fèsì,” ló wí.

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa.

“Ó fèsì. Ẹ̀gbọ́n mi kà á fún gbogbo wa lórí àtẹ̀gùn ilé yìí. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ sísàlẹ̀. S tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà kọ ẹ̀yìn sí wa. Ẹ̀gbọ́n mi rò pé bí ẹ ṣe ń kọ ọ́ nílẹ̀ yín nìyẹn.”

Kò rí lẹ́tà náà mọ́, ó ti wá a nígbà kan. Ṣùgbọ́n ó rántí ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò dẹ́kun sísọ ọ́. Ẹ ní ẹ gba káàdì, ẹ dúpẹ́. Ẹ ní ẹ ó fẹ́ wá, ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́rin ń wo ojú yín. Lẹ́yìn náà ẹ ní: Ọmọ mi obìnrin ló ń ka ìwé fún mi. Kò tíì mọ ìkọ̀wé àgbà kà. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá tún ń kọ̀wé, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà, kí ojú má tì í.

Lẹ́tà gàdàgbà. Káàdì mẹ́ta. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi rò pé èmi ni mo já fáfá.

Bàbá, ìgbà wo lẹ lọ? Mo mọ ẹni tó ka káàdì fún yín, tó sì tẹ lẹ́tà náà, kò lè jẹ́ ẹlòmíràn ju bàbá ará Benin kan, akọ̀wé àtijọ́ tó máa ń jókòó ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ nítòsí ilé ìfìwéránṣẹ́. Ṣé ọ̀sán ọjọ́ kejì yẹn gan-an ni, lẹ́yìn tí mo kọ́ yín ní orúkọ yín, nígbà tí ẹ ní ẹ ń lọ kírun? Ṣé ẹ bínú sí mi bí ẹ ṣe ń bọ̀ lọ́nà? Tí ẹ bá sì mọ̀ pé kò sí orúkọ kankan nínú aago yẹn, kí ló dé tí ẹ fi ń ha tiyín sínú gbogbo aago tí ẹ tún ṣe, títí ọwọ́ yín fi ń gbọ̀n? Mo jókòó ní kíṣìnì obìnrin yẹn, mo ń bi yín ní gbogbo èyí ní Yorùbá, sókè. Kò gbọ́ ọ. Ó kàn di ọwọ́ mi mú.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó wé ìyókù àkàrà náà fún mi, ó fẹnu kò mí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Ó ní, “Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ẹ́ nígbà yẹn. Ó tó gẹ́ẹ́.”

Mo béèrè ọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó dé ibùdókọ̀ rélùwéè, títí kan ibi tí àkọlé ti wà gbàgàdà níwájú mi. Ilẹ̀ ò tíì ṣú nígbà tí mo dé Colmar. Rukayat ń wẹ ọmọ. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo ń fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn, mo sì ń sọ ọ́ fún un bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín yìí. Ẹ mọ̀ pé Rukayat ń gbọ́ Yorùbá, Faransé ló fi ń dá mi lóhùn láti kékeré. Lọ́jọ́ náà, nígbà tí mo parí rẹ̀, ó na aṣọ ìnura ọmọ sí mi. Ló bá ní, “Màmá, ẹ tún un sọ.” Ní Yorùbá. Mo tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo padà dé Abidjan, mo lọ sí Songon lọ́dọ̀ Ìyá, níbi tí àbúrò mi ti kọ́lé fún wọn. Ara wọn le, orúnkún nìkan ló ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n ní kí n kí yín. Mo ròyìn ìrìn àjò mi. Nígbà tí mo dé ibi lẹ́tà, Ìyá ń ṣa ìrẹsì, wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè.

“Ó kúkú mọ̀,” ni wọ́n wí. “Ọjọ́ kejì ló ti mọ̀.”

Mo ké. Mo ní kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí.

“Ṣé o bi mí ni?” Wọ́n ju òkúta kan dànù láti inú ìrẹsì. “Mo ní kó nà ọ́. Ó ní rárá. Ó ní ọmọ tó lè dúró láàrin àgbà, kó ronú kan ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀, ìwé á yé e lọ́jọ́ kan. Ó ní kí n má dá ẹ dúró lọ́nà.”

Bàbá mi, mo ti ń gbé ẹ̀bi kan kiri láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, mo gbé e sọdá òkun, àṣé ẹ ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún mi kí n tó mọ̀ pé mo rù ú. Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun fún gbogbo ìgbà tí ẹ jókòó gbọ́ mi bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ẹ ṣeun tí ẹ lọ bẹ àlejò nítorí ìtìjú mi, tí ẹ kò sì sọ ọ́ fún mi títí ẹ fi kú. Bí iléèwé bá wọlé padà, tí ọmọ kan bá dúró síwájú mi tó ń hun ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìwé, mi ò ní wo fèrèsé mọ́. Màá gbọ́ ọ títí dé òpin. Lẹ́yìn náà màá kọ ọ̀rọ̀ náà gàdàgbà sójú pátákó, a ó sì jọ kà á.

Ẹ sùn re, Bàbá. Gbogbo ọmọ yín ló kí yín.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tí ẹ dúró dè.